Fáìlì Tútù, Fáìlì Díndín

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ohun tó ti bàjẹ́ àti ẹni tó mọ̀:

Etí ọ̀tún Màmá ti kú pátápátá. Àbúrò mọ̀ láti oṣù Kejìlá. Èmi ò mọ̀.

Etí òsì ti ń tẹ̀lé e. Dókítà etí fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí i ní ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Ó lè là, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà ló máa kó ìwọ̀nba tó kù lọ. Àbúrò ló tẹ̀lé wọn lọ gbọ́ ọ. Èmi ò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé: kí wọ́n gbọ́ ohùn Bàbá wa, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá tó fi ránṣẹ́ sílé dípò lẹ́tà nígbà tó ń bá wọn ṣe afárá káàkiri. Àbúrò ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Àbúrò ti kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà fún Ẹnjiníà kan tó sọ wọ́n di fáìlì kọ̀ǹpútà. Téèpù inú wọn ti gbó débi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣeé tẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí ni wọ́n ń bó. Oṣù Kìíní nìyẹn. Kò yẹ kí n tún kọ ẹni tó mọ̀.

Orí fóònù ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lónìí, bí mo ṣe ń yẹ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ jáde wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín pọ̀, a ò fẹ́ dà yín láàmú ni."

A. Òun àti Màmá ti di "a".


Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Mo ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù díẹ̀, ẹni tó mọ ètò ni kó ṣe ètò.

Òfin mi nílé iṣẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀: ibi kan, ẹ̀dà kan. Ìwé ẹrù tó bá ní ẹ̀dà méjì, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ méjì á fi lọ gbé ẹrù kan. Mo gba dírááfù ọwọ́ Àbúrò, èyí tí Ẹnjiníà kó àwọn fáìlì náà sí, mo kó fáìlì mọ́kànlá náà sínú fódà orí ayélujára tó jẹ́ pé èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo sì ní kó pa tinú kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn kì í ṣe rìsíìtì o." Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́ lójú mi. Dírááfù náà, mo ti nu inú rẹ̀, ọ́fíìsì máa lò ó.

Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe nítorí ètò nìkan. Mo fẹ́ kí ohùn Bàbá wà lọ́wọ́ mi, kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò ti máa wá tọrọ rẹ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Èmi àti Màmá lọ sílé Àbúrò. Yàrá kan ṣoṣo ni, wáyà ló sì gba ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ ohùn gígé ló ń ṣe nílé iṣẹ́ rédíò, ó sì tún ń gbé iṣẹ́ náà wálé. Ó ní àpótí dúdú kan, kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ, tó fi sáàárín kọ̀ǹpútà àti hẹ́dífóònù. Ó ní òun ló ń sọ nọ́ńbà di ohùn. Wáyà hẹ́dífóònù yẹn nípọn bí okùn aṣọ sísá.

Ó gbé e lé etí òsì Màmá, ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì kẹta láti inú fódà mi tí mo ṣí fún un. Mo wà ní ilé ìdáná, èmi ni mò ń po tíì. Mo gbọ́ tí Màmá ní, "Ó ń mí."

Àbúrò ní, "Ẹ gbọ́ ọ, àbí? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé ni."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé tíì wọlé, omi ti wà lójú Màmá, ọwọ́ wọn sì wà lórí orúnkún Àbúrò.

"Fún ẹ̀gbọ́n ẹ kóun náà gbọ́."

Mo gbé e sétí. Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń kí ilé, àti ariwo kan lẹ́yìn rẹ̀ bí òjò orí páànù.

"Ẹ gbọ́ èémí yẹn?"

"Mo gbọ́."

Irọ́ ni. Mi ò gbọ́ èémí kankan.

Màmá ní, "Etí bàbá ẹ̀ ló jogún." Mo ní kí lèmi wá jogún. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ? Ìwọ jogún ìkánjú ẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Láti ibẹ̀ dé ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara mi nínú mọ́tò.

Ìpinnu: gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, ilé mi ni Màmá ti máa gbọ́ wọn, lórí àga mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo fi owó mi rà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Mo ra hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà, èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Owó táyà ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni. Mo tún ra ẹ̀rọ kékeré kan tí Màmá lè fi sápò. Mo kó fáìlì kan sí i. Ó kọ sójú rẹ̀ pé òun ò mọ irú fáìlì yìí. Ẹni tó tà á sọ fún mi pé kò sí ohun tí kò lè tẹ̀.


Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Òjò. Ẹni tó ta ẹ̀rọ ò gbé fóònù.


Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo ti dán an wò káàkiri. Mọ́tò mi kọ orúkọ fáìlì sójú, ó panu mọ́. Mọ́tò ọkọ mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Tẹlifíṣọ̀n gbà á, ó ń dá a dúró ní ìṣẹ́jú méjì méjì bí ẹni tó ń ronú. Fóònù mi gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n fáìlì mẹ́ta péré ló kún un, mo sì ní láti pa àwòrán àwọn ọmọ rẹ́ kí mẹ́ta yẹn tó wọlé.

Mo fa ilà sí ìwé, mo to ẹ̀rọ sí apá kan, àbùkù sí apá kejì. Ọkọ mi wo ìwé náà láti ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ó ku ìlà kan tó ò tíì kọ."

"Èwo?"

"Ilé àbúrò ẹ. Àbùkù: kò sí."

Mo ká ìwé náà, mo lọ bu oúnjẹ.


Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹta

A pàdé nílé Màmá. Mo rọra tẹ̀ mọ́ etí òsì wọn, mo ní, "Fáìlì yẹn ti tóbi jù, Màmá. Màá dín in."

"Kí lo fẹ́ dín?"

"Ohùn Bàbá."

Wọ́n ní, "Epo wo lo fẹ́ fi dín in?"

Àbúrò bọ́ sílẹ̀ lórí àga. "Òróró ni, Màmá! Kí iyọ̀ má pọ̀!" Nígbà tí Màmá lóye, àwọn náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Láti òní lọ, èyí tí Ẹnjiníà ṣe ti di fáìlì tútù, èyí tí wọ́n bá ti fún pọ̀ kó lè kéré ti di fáìlì díndín.

Nígbà tí mo ń wọ mọ́tò, Àbúrò tẹ̀lé mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwàdà kọ́ o. Ẹ fi í sílẹ̀ ní tútù. Ohun tí wọ́n ń gé dànù níbẹ̀, irú ẹ̀ gan-an ni etí Màmá ń wá."

Ó ń kọ́ mi. Ọmọ tí mo máa ń wẹ̀ fún.


Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Mo dín in. Mo wá áàpù kan, ó bi mí bí mo ṣe fẹ́ kó kéré tó, mo mú èyí tó kéré jù. Mo tún fi kún ariwo wọn nítorí etí Màmá. Gbogbo mọ́kànlá wọ inú ẹ̀rọ kékeré náà, àyè sì ṣẹ́ kù. Ìyọnu ọ̀sẹ̀ kan, ogún ìṣẹ́jú ló gbà mí.


Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta

Ìṣẹ́gun mìíràn. Àbúrò ń fi ọ̀rọ̀ tútù dà mí láàmú ní gbogbo ìgbà, mo bá rí i pé áàpù náà ń ṣe é padà. Èèyàn á yan FLAC, irú fáìlì tí Ẹnjiníà fún wa gan-an, á tẹ̀ ẹ́, díndín á tún di tútù. Mo ṣe gbogbo wọn. Fáìlì tó ti kéré tún tóbi padà bó ṣe wà, ó sì ní ariwo tí mo fi kún un. Èyí dáa ju ti Ẹnjiníà lọ.

Mo kó wọn lọ sínú fódà. Fódà bi mí bóyá kí tuntun rọ́pò àtijọ́. Mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo wọn". Ibi kan, ẹ̀dà kan.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Màmá dé ní aago mẹ́wàá. Mo ti fi ìrọ̀rí sí àga, mo ti pa fáànù kí ariwo má bàa sí, mo ti lé gbogbo ilé jáde. Èmi àti wọn nìkan. Mo gbé hẹ́dífóònù náà sí wọn lórí, mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì kẹta, èyí tó pa wọ́n lẹ́kún lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Bàbá ni."

"Kì í ṣe bàbá yín nìyí."

"Màmá, àwọn ni. Kásẹ́ẹ̀tì kẹta ni."

"Ẹni yìí ń sọ̀rọ̀ nínú garawa." Wọ́n gbé e fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá dá oúnjẹ tí kò dùn padà fún ẹni tó sè é. "O ti gbìyànjú. Gbé mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ."

Mo gbé wọn lọ. Àbúrò ò sí nílé, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn pé kò sí nílé. Kò yẹ kó dùn.


Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta

Àbúrò wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti wáyà rẹ̀. Ó ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà mi, ó ṣí fáìlì inú fódà. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti dín in."

"Wo ìdí orúkọ rẹ̀. FLAC ni. Wo bó ṣe tóbi tó."

"Ẹni tó dín ẹyin tán, tó wá dà á padà sínú èèpo, ṣé adìẹ máa sàba lé e?" Ó tọ́ka sí hẹ́dífóònù mi lórí tábìlì. "Èyí tí kò ní wáyà yìí náà ń dín tiẹ̀ sí i lójú ọ̀nà. Díndín lọ́nà méjì lẹ gbé fún Màmá."

Ẹni tó ń kọ ìwé ọkọ̀ ń gbọ́ wa láti tábìlì kejì. Mo ní bó ṣe ti ọwọ́ Ẹnjiníà wá nìyẹn. Àbúrò wò mí. Ó ká wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, mà," ó lọ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kẹta

Mo kọ̀wé sí Ẹnjiníà. Ìlà mẹ́ta. Kó ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta.


Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta

Ẹnjiníà ò fi ìwé dá mi lóhùn. Ó ní kí n wá.

Òkè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni. Kápẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri, ó wà lára òrùlé. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, kò bá mi jiyàn. Ó ní ẹ̀dà tí òun tọ́jú wà níbí, ó sì ṣí i sí ẹ̀gbẹ́ tèmi tí mo gbé wá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ya ohùn bí àwòrán. Tirẹ̀ dà bí koríko oko, òmíràn ga, òmíràn kúrú, ó ń lọ sókè títí. Tèmi dà bí koríko tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé lórí, gbọọrọ, bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ta ló gé e, Mà?"

Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ méjèèjì.

Ó tẹ tèmi kọ́kọ́. Bàbá kí ilé. Ó wá tẹ tirẹ̀. Kí Bàbá tó kí ilé, àga kan dún. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókèèrè, bóyá nínú yàrá kejì. Ó wá mí, ẹ̀ẹ̀mejì, bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn dé.

Mo gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìnlá tí a ti sin ín, ó ń mí létí mi.

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé: ohun tí Àbúrò ti ń gbọ́ nìyí látọjọ́ yìí, òun àti Màmá, tí mò ń po tíì.

Mo bi í bó ṣe lè fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ lòun máa ń tọ́jú iṣẹ́ oníbàárà. Tiwa máa pé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ̀rọ ló ń pa á rẹ́ fúnra rẹ̀, àyè iṣẹ́ míì ni. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá nìkan ló lè fọwọ́ sí i kóun gbé e jáde, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́.

"Ẹ pè é, Mà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Ìṣẹ́jú márùn-ún.


Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Kẹta

Mi ò tíì sọ fún Àbúrò. Mo pe Ẹnjiníà bóyá ó lè fojú fo òfin náà. Ó ní rárá. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ mi ló gbà fún irú ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ yẹn, mi ò ní jẹ́ kó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin

Mo pe Màmá lórí fóònù. Orúkọ Àbúrò ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n ń ṣàwàdà tí wọn kì í bá mi ṣe. Mi ò sọ pé èmi kọ́.


Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹrin

Mo lọ bá Àbúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. A jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, kókó mẹ́rin. Mi ò ka ọ̀kankan.

"Èmi ni mo dín in."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ní Ẹnjiníà ni. Ẹ kì í tètè dárúkọ ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an."

"Kí ló dé tó ò fi sọ̀rọ̀?"

"Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ etí Màmá pamọ́ fún yín, ẹ bínú sí mi fún odidi oṣù kan. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ̀yin máa tètè sọ tiyín."

Mo sọ fún un nípa aago méjìlá ọ̀la. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ọ̀la? Láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá lẹ ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe ènìyàn tó bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta."

"Mo ń jowú ẹ ni." Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ iye ẹrù. "Nítorí etí yẹn. Nítorí Màmá. Mi ò fẹ́ kó o tún jẹ́ ẹni tó máa bá wa yanjú ẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ mọ ohun tí Màmá máa ń sọ fún mi tí mo bá pẹ́ ṣe nǹkan fún wọn? 'Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ni, á ti ṣe é tán.' Gbogbo ọjọ́. Ó ti sú mi, kí n má parọ́ fún yín." Ó fa búrẹ́dì mi sọ́dọ̀, ó jẹ ìdajì rẹ̀. "Aago mẹ́wàá ọ̀la ni kẹ́ ẹ wá gbé mi. Ẹ má pẹ́."


Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Kẹrin

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú: Àbúrò ti fọwọ́ sí i. Níbi tí wọ́n ti bi í kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi dín in." Ẹnjiníà kà á, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, kò bi wá ní ìbéèrè.

Ẹ̀dà mẹ́ta, ibi mẹ́ta. Mo ti yí òfin mi padà.


Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Kẹrin

Yàrá Àbúrò, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí dé márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá. Òjò rọ̀ ní ọ̀sán, a ti fèrèsé.

Ní kásẹ́ẹ̀tì kẹfà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dá Bàbá lóhùn. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń pariwo. "Mo ti gbọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé o jẹun ṣá?" Èmi àti Àbúrò wo ara wa, a ò sì rẹ́rìn-ín.

Ní kẹjọ wọ́n ní kí Àbúrò dá a padà, kó tún un tẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin. "Ó ní ó dáa," Màmá sọ. "Kò dáa. Àìsàn ń ṣe é, ó ń fi pa mọ́ fún mi. Èmi náà sì gbà á gbọ́ nígbà yẹn, nítorí rédíò kásẹ́ẹ̀tì tá a fi ń gbọ́ ọ ò dáa." Àbúrò ní òun náà gbọ́ ọ, nínú "dáa" yẹn ló wà. Mo gba hẹ́dífóònù náà. "Ó dáa" ni mo gbọ́. Mo sọ fún wọn pé "ó dáa" nìkan ni mo gbọ́. Ó dùn mí, àmọ́ mo sọ ọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, Màmá bọ́ hẹ́dífóònù náà sórí itan wọn, wọ́n dì í mú. Wọ́n ní, "Tí etí yìí ò bá padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi kí n lè máa kà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Bó ṣe sọ ọ́."

Àbúrò ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ "bó ṣe sọ ọ́". Mo rí i.


Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin

Mo gbé Màmá wọ ilé ìwòsàn ní aago méjì. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí Àbúrò láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù nìyí, mo dà á kọ síbí kí n má bàa yí i padà:

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, ọjọ́ kejìlá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ilé mi. Gbé ẹ̀rọ ẹ wá. Ìwọ á máa sọ bó ṣe sọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́. Níbi tí mi ò bá ti gbọ́ ohun tó o gbọ́, màá sọ pé mi ò gbọ́, wàá sì tún un tẹ̀ fún mi, iye ìgbà yòówù kó jẹ́. Mo ṣì ń jowú ẹ. Ìyẹn ò ní kí iṣẹ́ dúró. Etí Màmá là o, kò là o, mo fẹ́ kí ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù yìí. Mi ò lè dá a ṣe. Dá mi lóhùn kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní."